Ẹni Tó Lòwú Ló Laṣọ

Lọ́jọ́ Sátidé, ní Yopougon tàbí ní Cocody, kò ṣòro láti mọ ilé tí àwọn ẹ̀yà Baoulé tó wà ní ìlú Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ti ń ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Ọkọ ìyàwó á da aṣọ híhun ńlá bora, á fi èjìká kan sílẹ̀ lóde. Ìyàwó á ró tirẹ̀ mọ́ àyà, wúrà á máa dán lórí àti lọ́rùn rẹ̀. Ẹbí ọkọ á wá kó aṣọ kalẹ̀ níwájú àwọn àgbà: ti ìyá ìyàwó, ti bàbá rẹ̀, ti àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá. Ọjà ni púpọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí ti wá. Òmíràn ti Gánà wá, òmíràn ti abúlé àwọn ahunṣọ lẹ́bàá Yamoussoukro, òmíràn sì jẹ́ àǹkárá tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Abidjan gan-an. Ẹni tó lówó ló rà á, ẹni tó rà á ló sì fi tọrẹ.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin àwọn Faransé tó wọ ilẹ̀ Baoulé, aṣọ tí ẹbí fi ń ta ara wọn lọ́rẹ níbẹ̀ kì í kúrò nínú ilé kó tó di aṣọ. Ìyàwó ló ń gbin òwú, òun náà ló ń ràn án. Ọkọ ló ń hun ún. Tí ó bá hun ún tán, ìyàwó ni yóò kó o fún, nítorí ìyàwó ló ni ín. Bí àṣà yìí ṣe yí padà láàárín ìran méjì péré jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó ṣe pàtàkì jù lọ nípa aṣọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n kò pọ̀.

Mona Etienne, onímọ̀ nípa àwùjọ àti àṣà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Baoulé, ló ṣàlàyé rẹ̀ jù nínú iṣẹ́ kan tí ìwé àtìgbàdégbà Cahiers d'Études africaines gbé jáde ní ọdún 1977. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: nígbà tí tọkọtaya bá jọ ṣe ohun kan, ta ló ni ín? Ó bá ìdáhùn pàdé nínú oko iṣu.

Ilẹ̀ Baoulé wà ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀. Iṣu ni olórí oúnjẹ wọn. Ọkùnrin ló ń kọ ebè, òun la sì kà sí oní-iṣu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó náà ń roko níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ebè kan náà ni ìyàwó ń gbin ohun tirẹ̀ sí: ata, ilá, àti òwú. Ilẹ̀ kan náà, òógùn àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ èwo ni tọkọ, èwo ni tìyàwó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ni òpin rẹ̀. Nítorí pé obìnrin ló gbin òwú, aṣọ tí òwú bá dà, obìnrin ló ni ín.

Kí a má sì rò pé iṣẹ́ òwú jẹ́ iṣẹ́ kékeré. Tí wọ́n bá ká a tán, wọ́n á kọ́kọ́ yọ kóró rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ òwú sórí òkúta tàbí igi pẹlẹbẹ, wọ́n á yí ọ̀pá irin tín-ínrín lórí rẹ̀ títí kóró á fi fò jáde. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n kó fúyẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìrànwú: igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi amọ̀ roboto há nídìí, tí ó ń yí bírí bírí nínú igbá kékeré bí ìka obìnrin ṣe ń ta á, tí ọwọ́ kejì ń fa òwú gùn díẹ̀díẹ̀, tí eérú tàbí ẹfun ń gba ìka lọ́wọ́ òógùn. Ọwọ́ tí kò bá dọ́gba yóò jẹ́ kí òwú wú níbì kan, kó sì já níbòmíràn. Òwú tó tó aṣọ ìbora kan ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì ń pẹ́ ju híhun gan-an lọ. Àwọn obìnrin a máa ṣe é lálẹ́, nígbà tí iṣẹ́ oko àti ti ààrò bá ti dáwọ́ dúró, ìyá àgbà àti ọmọbìnrin á jókòó pa pọ̀.

Tọkọ wá kù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko bá sinmi, ni ọkùnrin ń jókòó sídìí òfì. Òwú gígùn á nà lọ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á so ìpẹ̀kun rẹ̀ mọ́ òkúta tó wúwo, òkúta náà á sì máa wọ́ sún mọ́ ọn bí aṣọ ṣe ń gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ omù kan sílẹ̀, èkejì á gbéra, ọ̀kọ̀ tó gbé òwú dání á fò kọjá láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Aṣọ tó ń jáde kò fẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n á gé e sí ìwọ̀n, wọ́n á sì rán an pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì títí yóò fi tó ìbora. Aṣọ Baoulé tó lókìkí jù ni aláwọ̀ aró àti funfun. Kí wọ́n tó hun ún ni wọ́n ti ń di òwú náà pinpin níbi tí wọn kò fẹ́ kí aró dé, kí wọ́n tó rì í sínú ìkòkò aró. Ìdí nìyí tí etí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ fi máa ń rí wúruwùru díẹ̀, bí ohun tí ènìyàn ń wò nínú omi. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mọ̀ mọ́.

Aṣọ yìí lágbára. Inú àpótí ìṣúra ìdílé tí wọ́n ń pè ní adja ni wọ́n ń tọ́jú èyí tó bá dára jù lọ sí, pẹ̀lú wúrà, ìran kan á sì fi lé ìran kejì lọ́wọ́. Nígbà òkú, ẹbí á mú aṣọ wá, wọ́n á fi wé òkú, wọ́n á sì tẹ́ àwọn yòókù síta kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹni tó lọ ní ènìyàn lẹ́yìn. Wọ́n tún ń tà á sí òkèèrè. Nítorí náà obìnrin tó bá ní òwú púpọ̀ ní ohun tí yóò fi gbé ọmọ rẹ̀ sókè, tí yóò fi sin ìyá rẹ̀, tí yóò fi bọ ọkọ rẹ̀ láṣọ. Tí kò bá lọ́kọ, ó lè gbé òwú rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tàbí ìbátan mìíràn tó mọ òfì. Ọkọ rẹ̀ gan-an, tó hun aṣọ náà, lọ́wọ́ ìyàwó ló ti ń gba èyí tí yóò wọ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí á rántí ilé, á sì rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin ló ń hun òfì tẹ́ẹ́rẹ́ ní Ìsẹ́yìn, ní Ìlọrin àti ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n obìnrin ní òfì tirẹ̀ tó ń gbé dúró sára ògiri nínú ilé, èyí tó fi ń hun kíjìpá. Ìyá Yorùbá kan lè gbin òwú, kó ràn án, kó pa á láró, kó hun ún, kó sì fi pọn ọmọ, láìbẹ ọkùnrin kankan. Obìnrin Baoulé kò ní òfì yẹn. Ọwọ́ ọkùnrin ni òpin iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí ayé fi wà bó ṣe wà, èyí kò ṣe é ní nǹkan. Àfi ìgbà tí òwú wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ibòmíràn.

Ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Abidjan lọ sókè. Nígbà náà, abúlé àwọn ẹ̀yà Ebrié ni Abidjan létí ọ̀sà. Nígbà tó fi di 1912, reluwé ti dé Bouaké, àárín ilẹ̀ Baoulé gan-an. Láti 1901 ni owó orí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì yá, owó Faransé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi san án. Gómìnà Gabriel Angoulvant, tó fi ogun kó àwọn Baoulé sábẹ́ ìjọba rẹ̀, tún fipá mú abúlé dá oko òwú fún títà. Oko òwú yìí kì í ṣe ti ààrin ebè mọ́. Oko gbangba ni, ọ̀gá ìjọba ló ń ṣọ́ ọ, ọkùnrin la sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá, ọwọ́ ọkùnrin ló ń bọ́ sí. Báyìí ni ohun ọ̀gbìn obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ti ọkọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé kankan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Robert Gonfreville dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ló dá ilé-iṣẹ́ òwú sílẹ̀ ní Bouaké, ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ran òwú tó dọ́gba, tó lágbára, tó sì ti ní àwọ̀. Ahunṣọ tó bá ní owó lọ́wọ́ lè ra ìdì òwú kan kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò ní dúró de ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ta ìrànwú. Bí a bá fi ojú ahunṣọ nìkan wò ó, ìrọ̀rùn ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ra òwú ló ni aṣọ. Òfin àtijọ́ yẹn kò yí padà rárá. Ẹni tó mú ohun àkọ́kọ́ wá ni olóhun, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọkọ ló wá mú un wá báyìí. Ó hun ún, ó tà á, tàbí ó fi ẹyọ kan ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ń pín aṣọ fún ọkọ àti ọmọ wá dẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ fún aṣọ. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ di ẹ̀bùn. Etienne fi hàn pé ibí yìí ni ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín tọkọtaya Baoulé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, nítorí obìnrin ń ṣiṣẹ́ lóko ọkọ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì rí nǹkan tirẹ̀ mú bọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló di ẹrù, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Abidjan, nǹkan bí 350 kìlómítà sí Bouaké, ló gba púpọ̀ nínú wọn.

Abidjan tí wọ́n bá pàdé ń yára dàgbà. Ọdún 1934 ló di olú ìlú dípò Bingerville. Ọdún 1950 ni wọ́n la ọ̀nà omi Vridi já sí òkun, ọkọ̀ òkun ńláńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀. Aṣọ títẹ̀ láti ilẹ̀ Hòláńdì, tí àwa ń pè ní àǹkárá, ya wọ ọjà Treichville àti Adjamé. Ní 1967 ni wọ́n dá Uniwax sílẹ̀ ní Abidjan, kí wọ́n lè máa tẹ irú aṣọ náà nílé. Àwọn obìnrin ló gba òwò yìí mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ á fi nọ́ńbà sórí bátànì, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà ni yóò fún un lórúkọ, orúkọ ló sì ń tà á. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọkọ Mi Tó Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Ojú Orogún Mi. Ọ̀kan tó ní àgò àti ẹyẹ lára ń kìlọ̀ fọ́kọ pé bó bá jáde, ìyàwó náà á jáde. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ra èyí àkọ́kọ́ fún kò ní láti ṣàlàyé fún ará àdúgbò. Àpótí aṣọ tí ìyá kan kó jọ ní Abidjan jẹ́ ilé ìfowópamọ́ rẹ̀, ogún ọmọbìnrin rẹ̀ sì ni.

Níbi tí ìtàn dé yìí la ti lè lóye ohun kékeré kan tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí: súwẹ́tà àti fìlà ọmọ ọwọ́ tí a fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun. Àwọn arábìnrin ìjọ Kátólíìkì ló mú un wá. Ìjọ àwọn arábìnrin Notre-Dame des Apôtres, tí Augustin Planque dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1876, tó sì rán àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó pẹ̀lú, ti wà ní etíkun Côte d'Ivoire kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Nílé-ẹ̀kọ́ wọn, bí ọmọbìnrin ṣe ń kọ́ ìwé kíkà ló ń kọ́ aṣọ rírán, iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ àti híhun. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, ìjọba náà ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún àwọn obìnrin tí kò kàwé tàbí tí wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. IFEF ni wọ́n ń pè é lónìí, wọ́n sì ń kọ́ni ní ìwé, oúnjẹ, rírán àti híhun níbẹ̀.

Ooru Abidjan kò jẹ́ kí àgbàlagbà nílò súwẹ́tà nípọn. Ìlú létí òkun ni, òógùn kì í gbẹ lára. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun kò ní ìgbà ooru lójú ìyá àgbà. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà kékeré tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, funfun tàbí àwọ̀ ọ̀run: kí ọmọ tó dáyé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní àwọn ìlú òkè bíi Man, tàbí ní àríwá ní Korhogo nígbà ọyẹ́, ọmọ tó tó rìn náà ń wọ̀ ọ́ lọ sílé-ẹ̀kọ́ láàárọ̀. Àwọn ìyá Yorùbá mọ èyí dáadáa. Àwọn tó kàwé ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kọ́ ọ nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì hun súwẹ́tà tí ọmọ wọn àkọ́kọ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi yẹ ní pípọ́nlé kì í ṣe pé ó rẹwà nìkan. Obìnrin tó ra òwú pẹ̀lú owó òwò rẹ̀, tó hun ún fúnra rẹ̀, tó sì gbé e fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, tún padà di ẹni tó ni aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí òfì ọkùnrin láàárín. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ilé-iṣẹ́ òwú Bouaké gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló gbà padà, bó tilẹ̀ kéré tó fìlà ọmọ ọwọ́.

Àwọn Yorùbá ní ìpín tiwọn nínú aṣọ ìlú yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, tí àwọn ará Ìnísà àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà sì ń lọ, débi pé ẹni tó bá dé Èjìgbò lónìí yóò gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọdé àti àgbà, yóò sì rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Abidjan tààrà. Anago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọn jẹ́ ọlọ́jà ní Treichville àti Adjamé. Bí ayẹyẹ bá dé, aṣọ òkè á ti Ìsẹ́yìn tàbí Ìlọrin gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà láti Èkó, kó tó di gèlè lórí ìyàwó ní Abidjan. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá ń padà, àǹkárá Abidjan ni yóò gbé lọ fún ìyá tó wà nílé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun lè rí owó gbà lórí fóònù, ṣùgbọ́n aṣọ ni ìyá fi ń han aládùúgbò.

Ọ̀nà yìí kò fìgbà gbogbo dán. Ní January 1994, wọ́n gé owó sẹ́fà sí ìdajì: 50 sẹ́fà tó jẹ́ fráǹkì Faransé kan di 100. Àǹkárá Hòláńdì wá di ohun tí àwọn ìyá ń wò lásán. Ní September 2002, ogun pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, Bouaké sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àlejò tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ahunṣọ ní Waraniéné lẹ́bàá Korhogo kò wá mọ́. Ìjà ìdìbò ní 2010 àti 2011 tún lé ọ̀pọ̀ Anago padà sílé pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè rù.

Iṣẹ́ ọwọ́ ti padà gba iyì lẹ́yìn náà. Pathé'O, aránṣọ tí wọ́n bí ní Burkina Faso, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Treichville, ti rán ṣẹ́ẹ̀tì tí Nelson Mandela wọ̀. Nígbà tí ilé aṣọ Dior ṣe ìpàtẹ rẹ̀ ní Marrakech ní 2019, Pathé'O àti Uniwax wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ní December 2023, UNESCO fi ìmọ̀ híhun aṣọ ní Côte d'Ivoire sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé. Ní Bomizambo, abúlé àwọn Baoulé tó ń hunṣọ, ọ̀kọ̀ ṣì ń fò láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Bí ènìyàn bá sún mọ́ òfì náà wò, òwú ilé-iṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó dán, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, kì í sì í já. Ahunṣọ ni wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, ahunṣọ ni wọ́n ń fún lóyè. Ìyá tó ń ran òwú kò sí nínú àwòrán mọ́, àwọn tó sì mọ ìrànwú ta dáadáa ti di arúgbó. Àìṣòdodo ni èyí. Ìdajì iṣẹ́ náà, ìdajì tó pẹ́ jù tó sì le jù, tiwọn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kíjìpá ìyá yín nínú àpótí, tàbí aṣọ aláró tí wọ́n gbé wá láti Abidjan, tàbí súwẹ́tà tí ìyá àgbà hun kí wọ́n tó bí yín, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà: ta ló hun ún, ta ló ran òwú rẹ̀, ọdún wo ni, ta ni wọ́n kọ́kọ́ fún? Ẹ kọ ìdáhùn náà sórí ìwé, kí ẹ sì ká a sínú aṣọ náà fún ẹni tí yóò jogún rẹ̀.